Ìdí-Iṣin àbí Ìdí-Ayùnrẹ́? Ìdin ti fẹ́ jẹ mángòrò mi tán

ỌmọAjílété

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá wa fi igi mángòrò mọ́kànlélógún sílẹ̀ fún wa lẹ́yìn Arówómọlé níbí n'Ógbómọ̀ṣọ́, kajú bíi mẹ́jọ náà wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí i pé àwọn tó kọ́kọ́ pọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ní nǹkan kan, wọ́n á dùn, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó á fi mọ́tò kó wọn, àmọ́ kí òjò ṣáà ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, wàhálà dé nìyẹn. Èèpo á máa dán, kò ní ọgbẹ́, ihò kékeré kan báyìí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ máa rí, ẹ wá là á wò, ìdin funfun! Wọ́n tiẹ̀ ń fò o, wọn ò rá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá oníbàárà mi kan láti Sábó gé ọ̀kan lójú mi, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó gbé bẹ́síńnì ẹ̀ ó lọ.

Àbúrò mi tó wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, ní kí n gbé e lọ sí ilé-ìwádìí ìjọba n'Íbàdàn. Èwo nínú wọn? Mo gbọ́ NIHORT, mo gbọ́ CRIN, mo gbọ́ IAR&T, mo tún gbọ́ IITA. Owó mọ́tò dé Ìbàdàn kì í ṣe kékeré mọ́, ọ̀nà yẹn náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ dé géètì kí wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Ṣé wọ́n tiẹ̀ máa ń dá irú àwa lóhùn abí ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni?

Ìyá Alátaa Takie

Ẹran ọ̀fẹ́ ni jàre, ẹ fi ata sí i 😂 Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ káwọn tó mọ̀ ọ́n dáhùn.

Àgbẹ̀ Gidi

Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe bèèrè, torí èmi ò bèèrè nígbà tèmi. Kajú ni mo kó sápò, mo wọ mọ́tò ní ìdájí, mo dé ilé-ìwádìí kan, ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi tán pátápátá, ló bá ní bàbá, àgbàdo la máa ń ṣe níbí o. Kí ni mo fẹ́ ṣe, mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pín in ni. Mángòrò, ọsàn, tòmátò, ẹ̀fọ́, NIHORT ló ni gbogbo ìyẹn, Ìdí-Iṣin ní Jẹ́ríkò ni wọ́n wà, 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀. CRIN ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ tàn yín, kòkó ló wà lórí sáìnbọ́ọ̀dù lóòótọ́, àmọ́ obì, kọfí, tíì àti kajú náà wà lọ́wọ́ wọn, àtọdún 1964. IAR&T ní Moor Plantation, abẹ́ yunifásítì Ifẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi padà, ẹ̀bi mi ni. IITA ò sí lábẹ́ ìjọba wa rárá, ti gbogbo àgbáyé ni. Torí náà igi méjì lẹ ní, ìdí igi méjì náà lẹ máa lọ 😄

Wọ́n á dá yín lóhùn, àmọ́ ẹ má gbé ọ̀kan tó ti jẹrà lọ kẹ́ ẹ lọ máa ṣàlàyé. Ẹ kó bíi mẹ́wàá tó ní ihò yẹn tẹ́ ò tíì là, ẹ fi ìwé ìròyìn wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ká wọn sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí eṣinṣin tó ń bà lé wọn, ẹ pa méjì mẹ́ta, ẹ kó o sínú ike.

Onímọ̀Kòkòrò

Kó tó di pé ẹ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ látilé. Ihò abẹ́rẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni eṣinṣin ti gún èèpo tó yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀. Ó jọ eṣinṣin èso tí wọ́n ń pè ní Bactrocera dorsalis, ará Éṣíà ni, Kenya ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà lọ́dún 2003 kó tó ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Tí ìdin ẹ̀ bá yó, á fò bọ́ sílẹ̀, á rì sínú iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń di eṣinṣin, ìyẹn ni pé mángòrò tó já tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nídìí igi, ẹ̀yin lẹ ń sìn ín. Ẹ máa ṣà á lójoojúmọ́, ẹ kó o sínú náílọ̀n dúdú, ẹ so ó pa, ẹ sá a sóòrùn títí ìdin inú ẹ̀ á fi kú. Kẹ́míkà tẹ́ ẹ bá fọ́n sára ẹ̀ ò lè bá ìdin tó ti wà nínú. Tó bá jẹ́ inú kóró lẹ ti rí kòkòrò dúdú, ìyẹn yàtọ̀, ẹ sọ fún wọn.

Àti èèrà pupa tó ń fi ewé rán ilé sórí igi yẹn, mo mọ̀ pé ó ń ta yín tẹ́ ẹ bá ń ká a, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sun ún. Eṣinṣin yẹn kì í fẹ́ yé ẹyin níbi tó bá wà.

Tólú_Faransé

Òótọ́ ni ti èèrà yẹn o, Cirad, ilé-ìwádìí Faransé kan, àti IITA jọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Níbí ní Faransé, ilé-ìwádìí kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí, INRAE. INRA tó ń mójú tó iṣẹ́ oko ti wà láti 1946, January 1, 2020 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Irstea tó ń mójú tó omi àti àyíká, oko, oúnjẹ, igbó, odò, abẹ́ òrùlé kan. Síbẹ̀ náà tẹ́ ẹ bá gbé mángòrò débẹ̀, Cirad ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ máa lọ, torí ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, ibẹ̀ ló wà.

ỌmọAjílété

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun. Mo ti ṣa ilẹ̀ láàárọ̀ yìí, náílọ̀n mẹ́rin ló kún, nídìí igi méje péré o, àwọn ọmọ ní mo ya wèrè. Ìtẹ́ èèrà tí mo fẹ́ jó lọ́jọ́ Sátidé, mo ti fi í sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ Ìdí-Iṣin. Kajú dúró ná, mi ò lówó mọ́tò ẹ̀ẹ̀mejì.