Ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń se ẹja àti ẹ̀fọ́ fún ẹnu kan ṣoṣo?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, àbúrò ọkọ mi kan náà gbé lọ́dọ̀ wa, ẹni méje là ń jẹun nínú ilé yìí fún ogún ọdún ó lé. Ní báyìí bàbá ti lọ, àwọn ọmọ ti túká, èyí tó sún mọ́ mi jù, Èkó ló wà, ó wá ku èmi pẹ̀lú àwọn ìkòkò ńlá. Ọwọ́ mi ò mọ ìwọ̀n ẹnì kan rárá! Màá ní kí n se ẹ̀fọ́ díẹ̀, kí n tó mọ̀ ìkòkò ti kún, màá jẹ ẹ́ lónìí, màá jẹ ẹ́ lọ́la, tó bá di ọ̀tunla ó ti kan, torí iná tí wọ́n ń mú wá ládùúgbò wa n'Íbàdàn níbí ò tó èyí tí fìríìjì lè fi ṣiṣẹ́. Ló bá di pé búrẹ́dì àti tíì ni mò ń jẹ lálẹ́. Dókítà wá ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru díẹ̀, kí n máa jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́, kí n dín iyọ̀ kù, kí n má máa gbé òkèlè ńlá mì lálẹ́. Ó dáa, báwo ni mo ṣe fẹ́ sè é tó máa tán lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mi ò sì ní dúró ti sítóòfù fún wákàtí méjì? Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹja tútù ni mò ń tà ní Bódìjà. Ẹ má ra ẹja bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó mọ́ mà. Titus kan péré, ẹ ní kí wọ́n gé e sí mẹ́rin fún yín, ẹ délé ẹ fọ̀ ọ́, ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan sí náílọ́nù tiẹ̀, ẹ tẹ́ wọn sí fírísà kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Tó bá dalẹ́ ẹ yọ ẹyọ kan. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má dá a padà sínú yìnyín o. Àmọ́ tí iná bá rí bí ẹ ṣe wí yẹn, ìlàjì ẹja péré, èyí tẹ́ ẹ máa sè tán lọ́jọ́ náà, ni kẹ́ ẹ rà, a máa ń gé e fún èèyàn, ẹ má tijú. Ṣáwà náà dáa, owó ẹ̀ ò tó ti Titus, egungun ẹ̀ ló pọ̀, ẹ rọra jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun: Èmi náà ń dá gbé mà. Ìkòkò kékeré lẹ máa kọ́kọ́ rà, ìkòkò ńlá ló ń tan ọwọ́ yín. Ìdì ṣọkọ kan (ẹ má wo bó ṣe pọ̀, tó bá ti rí iná á súnkì), tàtàṣé kan, rodo kan, àlùbọ́sà ìlàjì. Odó kékeré ni mo fi ń gún ata mi torí blẹ́ńdà kì í lọ èyí tí ò pọ̀, ó kàn ń ta á mọ́ ara ògiri ẹ̀ ni. Síbí epo pupa méjì, kó gbóná àmọ́ kó má rú èéfín, ẹ da àlùbọ́sà sí i, irú wóró síbí kékeré kan, irú yẹn gan-an ni adùn ọbẹ̀, tó bá ti wà níbẹ̀ ẹ ò ní wá mágì, ẹ wá da ata sí i kó gbẹ dáadáa. Ẹ gbé ẹja lé e, ẹ dé e, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tí ara ẹ̀ bá ti ń ṣí kúrò lára egungun, ó ti jinná nìyẹn, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má fọ́. Ẹ̀fọ́ ló kàn. Kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ o, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti rẹ́ ẹ tán, oore inú ẹ̀ á bómi lọ. Ẹ rò ó pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó, ẹ dá ẹja padà. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó sí rẹ́ tèmi.

Ọmọ Ìlọrin: Ẹ ò bọ ẹ̀fọ́? Omi ẹ̀ á kàn kún inú ata ni.

Àdùkẹ́ Ọ̀ṣun: Bọ̀dá, tí ata bá gbẹ, kí lomi fẹ́ ṣe? Ewúro nìkan lèmi ń fọ̀ tí mo ń fún. Ẹni tó bá fẹ́ bọ ṣọkọ, ìṣẹ́jú kan nínú omi gbígbóná, kó sì fún un. Àwọn kan á bọ̀ ọ́ títí á fi di ẹrẹ̀, háà.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá oògùn yín dúró nítorí oúnjẹ o. Ojú ni kẹ́ ẹ fi pín àwo yín: ẹ̀fọ́ ìdajì, ẹja àti iṣu (tàbí ìrẹsì) á pín ìdajì tó kù. Ní ti iyọ̀, WHO (àjọ ìlera àgbáyé) ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lójúmọ́, kò ju síbí tíì kan lọ, mágì wà nínú ìṣirò yẹn, irú oníyọ̀ wà níbẹ̀, búrẹ́dì tẹ́ ẹ ń jẹ yẹn gan-an wà níbẹ̀. Kánún inú ewédú náà, mọ̀lẹ́bí iyọ̀ ni. Oúnjẹ tó bá sì ṣẹ́kù, kó má kọjá wákàtí méjì níta, ooru tiwa yìí ò ṣe é fi ṣeré.

Bọ̀dá Onígáàsì: Ìkòkò kan, iná kan! Ẹ gbé iṣu ẹ̀là méjì kaná, tó bá ti ń hó, ẹ fi ata pa ẹja lára, ẹ fi ewé eéran dì í, ẹ gbé e lé iṣu lórí, ẹ dé e pa. Bí ogún ìṣẹ́jú. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ da tẹ̀tẹ̀ sínú asẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sókè ìkòkò yẹn náà. Ẹ lè lọ jókòó.

Sítúdẹ́ǹtì: Ẹ̀yin ìyá, sadíìnì inú agolo ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ó ṣe é jẹ, àmọ́ kí lẹja tútù ṣe fún ẹ?

Tíṣà (èmi tí mo béèrè): Ẹ ṣé o ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Mo lọ sí Bódìjà lánàá, mo ra Titus ìlàjì àti ìdì tẹ̀tẹ̀ kan, ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní "Màmá, ìdì kan ṣoṣo?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti ewé ni mo gbìyànjú. Ewé ya, ata ṣàn sínú iṣu, iṣu yẹn wá dùn ju ẹja lọ! Ó sì tán, mi ò da nǹkan kan nù. Lọ́la màá ro ẹ̀fọ́ ti Àdùkẹ́, irú tó wà nílé ni iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ta ló ń ta èyí tí kò níyọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ẹni tó pàtẹ ṣìkejì mi ń tà á, mà. Ẹ bi í kó tó wọ̀n ọ́n fún yín. Èyí tó wà nílé yẹn, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó dà á sínú epo.