Báwo ni mo ṣe lè lo ẹ̀rí tó gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn. Mò ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ará Vanuatu, erékùṣù Solomon àti àwọn erékùṣù ẹ̀bá New Guinea, ní Òkun Pàsífíìkì, tí ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí oko ìrèké ní Queensland, Ọsirélíà, láti 1863 títí di 1904. Àdéhùn iṣẹ́ ọdún 3 ni, owó iṣẹ́ sì jẹ́ £6 lọ́dún. Wọ́n jí àwọn kan gbé, wọ́n tan àwọn kan. Àwọn mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn lọ, kódà wọ́n tún padà lọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti dojú rú.

Mo ti ka àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ (ta ni yóò pe ara rẹ̀ ní gbọ́mọgbọ́mọ?). Mo ka àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba Queensland ní kó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní 1885, tó fọ̀rọ̀ wá àwọn ará New Guinea lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ló túmọ̀, akọ̀wé ìjọba ló kọ ọ́. Mo fẹ́ fi ìtàn ẹnu àwọn àrọ́mọdọ́mọ tì í lẹ́yìn. Olùkọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù fún ìtàn ẹnu.

Kí ni ẹ máa ń wò kí ẹ tó gba irú ẹ̀rí ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.