Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan á máa san èlé bọ́ǹdì rẹ̀ lásìkò?

Akọ́bẹ̀rẹ̀_Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọjà owó. FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí aráàlú ń yá ìjọba àpapọ̀, nìkan ni mo mọ̀, èyí tó ń san èlé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Broker mi wá ń polówó bọ́ǹdì ilé iṣẹ́ aládàáni kan fún mi. Èlé rẹ̀ jẹ́ 13%, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n á máa san án. Mílíọ̀nù méjì náírà ló wà nílẹ̀. Ó ní rating rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe lè san gbèsè tó) jẹ́ A, kí n má bẹ̀rù. Kí ni mo lè fi ojú ara mi yẹ̀ wò kí n tó fọwọ́ sí i?

Ọmọ_Marina
Kẹ́ ẹ tó wo iye èlé rárá, ẹ wo ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀pọ̀ bọ́ǹdì ní Nàìjíríà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ló gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ torí gbèsè náà nìkan ni. “Funding” tàbí “SPV” sábà máa ń wà nínú orúkọ rẹ̀: Viathan Funding Plc, LFZC Funding SPV Plc, Dangote Industries Funding Plc. Irú wọn kì í ní ẹ̀rọ, wọn kì í ní oníbàárà. Owó tí òbí, ìyẹn ilé iṣẹ́ ńlá tó dá a sílẹ̀, bá gbé fún ọmọ ni ọmọ ń san. Nítorí náà, ẹ ṣí prospectus àti pricing supplement (àwọn ìwé tí wọ́n fi ta bọ́ǹdì náà), kẹ́ ẹ wá ibi tí òbí ti fọwọ́ sí i pé bí ọmọ ò bá san, òun á san. Tí ìlà yẹn ò bá sí níbẹ̀, orúkọ ńlá tí broker ń pè kò kan owó yín.

Àwọn mìíràn ní onídùúró láti ìta. InfraCredit ló dúró fún bílíọ̀nù ₦10 tí Viathan yá ní 2017 fún ọdún 10, ní èlé 16%. Rating irú bọ́ǹdì bẹ́ẹ̀, agbára onídùúró ló gbé e ga. Ẹ wò ó bóyá èlé àti ojú owó ni ìdúró náà bò, tàbí ọ̀kan nínú wọn.

Tó bá jẹ́ báńkì ló ń yá owó, ẹ ṣọ́ra fún oríṣi bọ́ǹdì báńkì kan tí wọ́n ń pè ní AT1. Nínú àdéhùn rẹ̀, báńkì lè fagi lé èlé ìgbà kan, a ò sì ní lè pè é ní àìsan gbèsè, bẹ́ẹ̀ ni èlé náà kì í padà wá. Access Bank ta irú rẹ̀ ní 2021, mílíọ̀nù $500 ní 9.125%. Mi ò ní wọn ò ní san o. Àdéhùn ni kò fipá mú wọn.

Ayọ̀_Ọjà
Ẹ má dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jàre. Rating A ti tó.

Ọmọ_Marina
Kò tó. Ẹ wo ọjọ́ ìparí tó wà lórí ìwé Agusto tàbí GCR, àwọn tó ń fúnni ní rating. A máa ń rí broker tó ń fi ti ọdún tó kọjá pọ́n ọjà. Ẹ wò ó bóyá bọ́ǹdì ni wọ́n wọ̀n tàbí ilé iṣẹ́. Àárín ilé iṣẹ́ Nàìjíríà síra wọn ni A yẹn sì ti ń ṣiṣẹ́, kò bá A ti S&P tó ń fúnni ní rating lágbàáyé dọ́gba.

Àṣàkẹ́_Oníṣirò
Kí n mú ìṣirò. Ẹ lọ sí ojú òpó NGX (ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà), ẹ wá orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè gan-an ní corporate disclosures, kẹ́ ẹ kó ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta tí auditor ti fọwọ́ sí, pẹ̀lú ti oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ọjọ́ 30 ni wọ́n ní láti gbé ti oṣù mẹ́ta jáde, ọjọ́ 90 fún ti ọdún. Ẹni tó ń pẹ́ léraléra, tí NGX ti lẹ MRF (àmì pé kò gbé ìwé jáde lásìkò) mọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ fura sí i. Kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ lásán ló dí i lọ́wọ́.

Ẹ wá operating profit (èrè nídìí iṣẹ́), ẹ fi finance cost (ìnáwó lórí gbèsè) pín in. Tó bá dín sí 1.5, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ju 3 lọ fún ọdún mẹ́ta gbáko, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n tèmi nìyẹn, kì í ṣe òfin. Ẹ má sì fi í wọn báńkì o, torí èlé ni ọjà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà.

Àmọ́ ẹ ṣí note (àlàyé inú ìwé ìṣirò) tó wà lẹ́yìn finance cost. Wọ́n lè ti da àdánù pàṣípààrọ̀ owó mọ́ èlé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, MTN Nigeria kéde àdánù tó ju bílíọ̀nù ₦130 lọ fún ọdún náà, bẹ́ẹ̀ owó ń wọlé nídìí iṣẹ́ gan-an. Pàṣípààrọ̀ ló gbé èrè náà mì. Ẹni tó bá wo ìlà tó kẹ́yìn nìkan á ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ìwé náà ni pé: dọ́là mélòó ni wọ́n jẹ, ṣé dọ́là náà sì ni wọ́n fi ń tajà?

Akọ́bẹ̀rẹ̀_Àkúrẹ́
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti ṣí i. Operating profit jẹ́ bílíọ̀nù ₦24, finance cost jẹ́ bílíọ̀nù ₦9, ó fún mi ní 2.67. Ṣùgbọ́n nínú cash flow (ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde), interest paid, ìyẹn èlé tí wọ́n san, jẹ́ bílíọ̀nù ₦13. Èwo ni kí n mú?

Àṣàkẹ́_Oníṣirò
Ẹ mú 13. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun. Òfin ìṣirò ní kí wọ́n ka èlé owó tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ iye ilé náà, kò sì ní hàn nínú finance cost. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “capitalised” nínú note ohun ìní. Ó sì lè jẹ́ èlé tí wọ́n jẹ sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Èyí ó wù kó jẹ́, owó ti jáde lápò. 24 tẹ́ ẹ bá fi 13 pín jẹ́ 1.85, ẹ rí i pé ó ti yàtọ̀.

Ẹ tún wo borrowings (owó tí wọ́n yá) tó wà lábẹ́ current liabilities, kẹ́ ẹ fi wé owó tó wà ní báńkì. Tí bílíọ̀nù ₦30 bá pé láàárín ọdún kan, tó sì jẹ́ bílíọ̀nù ₦6 ló wà lọ́wọ́, commercial paper (ìwé gbèsè onígbà kúkúrú) tuntun ni wọ́n máa tà kí wọ́n tó rí tàtijọ́ san. Gbèsè ni wọ́n ń fi san gbèsè. Lọ́jọ́ tí ọjà bá kọ̀ wọ́n, ibẹ̀ ni èlé yín ti máa há.

Ọmọ_Marina
Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Afren nìyẹn, ilé iṣẹ́ epo tó wà lórí ọjà London, tó ń wa epo ní Nàìjíríà. Iye epo já lágbàáyé lọ́dún 2014. Èlé mílíọ̀nù $15 yẹ kó jáde ní February 1, 2015. Wọ́n ní àwọn á lo ọjọ́ 30 tí àdéhùn fi fún àwọn. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ administrator, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ilé iṣẹ́ tó ti wọ gbèsè. Nítorí náà, ẹ ka “events of default” (ohun tí wọ́n kà sí àìmú àdéhùn ṣẹ) nínú trust deed, ìwé àdéhùn bọ́ǹdì náà: ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wọn kí àìsan tó di ẹjọ́? Ìdá mélòó nínú àwọn tó ni bọ́ǹdì ló gbọ́dọ̀ panu pọ̀ kí trustee, aṣojú wọn, tó lè pe gbogbo owó padà? Ṣé àpò kan wà tí wọ́n ń fi èlé pamọ́ sí ṣáájú? Orúkọ trustee wà nínú prospectus. Ẹ kọ email sí wọn, kẹ́ ẹ béèrè bóyá èlé kankan ti pẹ́ rí.

Ayọ̀_Ọjà
Ó dáa, mo gbà fún yín. Mo fẹ́ fi kún un nípa mílíọ̀nù méjì yẹn. Bọ́ǹdì ilé iṣẹ́ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù ₦10, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ni broker máa rà á fún yín. Èlé oṣù mẹ́fà lórí mílíọ̀nù méjì ní 13% jẹ́ ₦130,000. Tẹ́ ẹ bá rà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n san èyí tó kẹ́yìn, ẹ máa san nǹkan bíi ₦65,000 lé e fún ẹni tó tà á, torí èlé tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ₦130,000 bá wọlé, ìdajì rẹ̀ owó yín tó padà ni. Ẹ má ka gbogbo rẹ̀ sí èrè.

Kí orúkọ yín ní CSCS (ibi tí àkọsílẹ̀ ìdókòwò yín wà) àti ti báńkì bára mu láìku lẹ́tà kan. Ọ̀pọ̀ èlé tí àwọn èèyàn ní wọn ò san, ọ̀dọ̀ registrar, ẹni tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni bọ́ǹdì, ló há sí. Ẹ wo record date, ọjọ́ tí wọ́n ń wo orúkọ ẹni tó ni bọ́ǹdì, pẹ̀lú: ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹni tó tà á ló máa gba èlé ìgbà náà. Tí ọjọ́ ìsanwó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń san án. Tó bá kọjá ìyẹn, registrar ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lẹ́yìn rẹ̀ trustee, kẹ́ ẹ tó gbé e dé SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò.