"Ballad" kì í ṣe orin arò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, tí a bá ń túmọ̀ sí Yorùbá, kí a máa pe "ballad" àwọn ará Amẹ́ríkà ní orin arò, kí a sì máa pe fíìmù "Western" ní fíìmù Ìwọ̀-Oòrùn. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹni tó ń ṣe arò ń dárò ni. Kò pọn dandan kó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ballad ní tirẹ̀, láti orí dé ìdí, ìtàn ni. Ẹ wo "El Paso" tí olórin Amẹ́ríkà náà, Marty Robbins, gbé jáde ní 1959. Ọmọkùnrin kan bá Feleena, ọmọbìnrin tó nífẹ̀ẹ́, nílé ọtí pẹ̀lú ẹlòmíì, owú jẹ ẹ́, ó yìnbọn pa onítọ̀hún, ó jí ẹṣin, ó sá wọ New Mexico. Ìfẹ́ tún fà á padà, wọ́n sì yìnbọn fún un. Ẹni tó ń kú lọ gan-an ló ń ròyìn! Orin náà ju ìṣẹ́jú 4 lọ, nígbà tí orin rédíò ayé ìgbà yẹn kì í sábà ju 3 lọ. Ìtàn ló gba gbogbo àkókò yẹn.

Ẹni tó dábàá pé ká pe ballad ní "àlọ́ àpagbè" sún mọ́ ọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu la fi ń pa àlọ́, orin kàn ń yà sí i kí agbo lè gbè é ni. Nínú ballad, orin ló ru ìtàn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orin onítàn. Àwọn olórin pop tún máa ń pe orin ìfẹ́ tó ń fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn ní ballad, kódà bí kò bá sí ìtàn kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn kò gbọdọ̀ bá tàkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ kan náà. "Orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́" tó o.

Ní ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, Òyìnbó lápapọ̀ ni òǹkàwé máa rò, àgbàlagbà á sì rò ó sí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀. Ilẹ̀ tó wà níwọ̀-oòrùn odò Mississippi ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ, pàápàá láàárín 1865 sí 1890. "Fíìmù kábọ́ì" ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́; kí ló dé tá a fẹ́ pa á tì?

Èsì

Ẹ̀gbọ́n, mo gba orin onítàn. Kábọ́ì ló ń kọ mí lóminú. Nínú fíìmù "High Noon" (1952), ọ̀gá agbófinró ìlú ni akọni náà, kò da màlúù kankan. Ṣé "darandaran" kò ní sàn jù fún àwọn tó ń da màlúù lóòótọ́, ká wá nǹkan mìíràn pe fíìmù?

Èsì

Àbúrò, rárá. Darandaran wa ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé agbo, ó sì lè jẹ́ òun ló ni ín. Alágbàṣe orí ẹṣin ni kábọ́ì: èèyàn bíi méjìlá á kó màlúù 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Texas lọ bá rélùwéè ní Abilene, ní Kansas, láti 1867. Lóru, àwọn méjì á máa yí agbo po, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì, wọ́n á máa kọrin kí ẹran má baà ta gìrì. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú orin wọn ti wúlò. Tí ẹ bá ní darandaran, ìròyìn ìjà oko ló máa wá sọ́kàn èèyàn lónìí.

"High Noon" tí o mẹ́nu bà náà gbè mí lẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ orin onítàn. Orin tí Tex Ritter kọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ ohun tó ń bọ̀: ìgbéyàwó, ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan, ọkọ tó ń bẹ aya kó má fi òun sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú orin onítàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kó fi ìró ìparí ìlà tó jọra sílẹ̀. Ìlù mẹ́rin ní ìlà kìíní, mẹ́ta ní ìkejì, mẹ́rin ní ìkẹta, mẹ́ta ní ìkẹrin ni kó dì mú. Kó sì ṣọ́ ohùn orin. "Aya mi" ń lọ gbọọrọ ni. Tí ohùn bá wà nílẹ̀ tó wá gòkè lórí "mi", "àyà mi" ni a máa gbọ́, ọkọ ìyàwó á sì di ẹni tí àyà ń dùn. Níbi tí ohùn bá ti fò sókè bẹ́ẹ̀, "ìyàwó" ni kó fi síbẹ̀.