Fídíò ìjà ààlà Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé: ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ fíìmù, mo kí yín o. Ìlọrin ni mò ń gbé, àmọ́ ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, Ẹ̀rìn-Ilé ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ìlú méjèèjì ti pẹ́, ó ti dé kóòtù, ó ti sun ilé, bẹ́ẹ̀ la ṣì jọ ń fẹ́ra. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe dọkumẹ́ńtárì mi àkọ́kọ́.

₦180,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Fóònù ni mo fi ń ya á. Àwòrán ò burú, ohùn ló ń pa mí: nínú èyí tí mo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, atẹ́gùn àti ọ̀kadà ló ń sọ̀rọ̀, ohùn bàbá tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ò jáde. Ṣé kí n ra máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há ọrùn aṣọ, àbí kí n tọ́jú owó fún ẹni tí yóò bá mi gé fídíò náà pọ̀?

Èyí tó ń já mi láyà jù nìyí: bí mo bá kọ́kọ́ lọ kí Ọlọ́fà, ará ilé ìyá mi á ní mo ti gbè sẹ́yìn Ọ̀fà. Bó bá jẹ́ Ẹlẹ́rìn ni, ilé bàbá mi á gbóná. (Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ ṣáà mọ̀.)

Obìnrin kan tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Bí mo bá ya ọwọ́ rẹ̀ nìkan, ṣé aráàlú ò ní dá ohùn rẹ̀ mọ̀?