Búṣìn ẹsẹ̀ Golf 3 mi tún ti ń dún: ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi nílé?

Olùkọ́ Adó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Golf 3 ni mò ń wà. Adó ni mò ń gbé, Ìfàkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà Ìwòròkò ni mo sì ń gbà lójoojúmọ́. Bí táyà iwájú bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, màá gbọ́ "gbò!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá tẹ búréèkì, mọ́tò á fẹ́ fà sápá òsì, táyà òsì náà sì ti ń jẹ nínú. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ búṣìn, ìyẹn rọ́bà ìdí lower arm (áàmù, irin tó so táyà iwájú mọ́ abẹ́ mọ́tò), lápá méjèèjì fún mi ṣáájú Kérésìmesì. Kò pẹ́ kò jìnnà, ariwo padà dé. Mo gbé e padà lọ bá a, ó ní ọjà tí mo rà ni kò dáa. Mi ò lówó tí màá tún fi tọrẹ. Mo ní jáàkì, mo ní àpótí sípánà, àbúrò mi sì mọ iṣẹ́ irin díẹ̀. Ṣé a lè dá a ṣe nínú àgbàlá wa? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìkéré:
Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé búṣìn ni. Línkéèjì (ọ̀pá kékeré kan lára ẹsẹ̀ mọ́tò) àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé roboto tó so áàmù mọ́ ibi tí táyà wà) náà máa ń dún "gbò" báyẹn. Ẹ ki irin gígùn bọ àárín áàmù àti ibi tí wọ́n dè é mọ́, kí ẹ rọra fi sún un. Bí áàmù bá ń jó síwájú-sẹ́yìn, tàbí tí rọ́bà ti ya kúrò lára irin, búṣìn ti lọ nìyẹn.

Olùkọ́ Adó:
Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Rọ́bà ẹ̀yìn lápá òsì ti ya yípo, mo rí irin inú rẹ̀ kedere.

Fọganáísà Ìyìn:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ wá irin ìdúró sábẹ́ sáàsì níbi tó le, kí ẹ fi òkúta ńlá dí táyà ẹ̀yìn. Ilé wa ní Èkìtì, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ sí. Bí àgbàlá bá dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ pẹ́ẹ́, ẹ má ṣe é níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀, ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ jáàkì kó má baà rì.

Baba Ìkọ̀lé:
Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe nílé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: nígbà tí mẹkáníìkì yẹn ń fún bóòtù ìdí áàmù le, ṣé táyà wà nílẹ̀ àbí ẹsẹ̀ mọ́tò ń rọ̀ dirodiro?

Olùkọ́ Adó:
Ó ń rọ̀ ni, sà. Ó fún gbogbo ẹ̀ le tán kó tó dá táyà padà.

Baba Ìkọ̀lé:
Ibẹ̀ gan-an ni mo fura sí, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i, torí ọjà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Irin méjì ló wà nínú búṣìn, ọ̀kan nínú ìkejì, rọ́bà sì wà láàárín, ó lẹ̀ mọ́ méjèèjì pinpin. Bí bóòtù bá ti le, irin inú kì í yí mọ́. Rọ́bà ló ń lọ́ nígbà tí áàmù bá lọ sókè, tó sì ń dá a padà. Bó o bá fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, ibi tó rọ̀ sí yẹn ni rọ́bà máa mọ̀ sí ìsinmi. Wàyí o, gbé mọ́tò sọ̀kalẹ̀: rọ́bà ti lọ́ kí ó tó rìn rárá, títí kan ìgbà tó wà nílé tó ń sùn. Kòtò kan ṣoṣo lọ́nà Ìwòròkò á tún lọ́ ọ sí i. Kí ni kò ní ya?

Nítorí náà, nígbà tó o bá ń dá a padà, bóòtù tó gba inú búṣìn, fọwọ́ dè é lásán. Àṣekágbá ìfúnle di ìgbà tí ẹrù mọ́tò bá ti wà lórí ẹsẹ̀.

Láti tú áàmù kúrò, bóòtù tó gba ẹnu ilé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ni kó o tú. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó de bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì mọ́ áàmù, má fọwọ́ kàn wọ́n. Bó o bá sún wọn, ìdúró táyà lè yí padà.

Ti búṣìn ńlá ẹ̀yìn, fojú sí i dáadáa. Ihò gígùn kan wà lára rọ́bà rẹ̀, ihò yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí àárín mọ́tò, ọfà tó wà lára búṣìn á sì bá àmì kékeré tó tẹ̀ wọnú lára áàmù mu. Kó o tó yọ ti àtijọ́, fi ẹfun sàmì sí bó ṣe wà tàbí kó o fi fóònù yà á.

Olùkọ́ Adó:
Ẹ ṣeun sà. Báwo la ṣe máa yọ ọ́? Iná ni mo rí tí wọ́n fi ń jó rọ́bà kúrò.

Baba Ìkọ̀lé:
Má jó o nílé, èéfín rẹ̀ burú, àwọn ọmọdé sì wà nítòsí. Fi ọ̀bẹ gé rọ́bà kúrò, kó o wá fi ayùn irin gé irin ìta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Dúró kí ayùn tó kan áàmù fúnra rẹ̀.

Ti tuntun, fi bóòtù gígùn, wọ́ṣà tó nípọn àti páìpù tó gba ẹnu rẹ̀ fà á wọlé. Ẹnu irin ìta ni páìpù á ti tì. Má fi òòlù lu irin inú. Omi ọṣẹ ni kó o fi pa á kó lè yọ̀, má fi gíríìsì tàbí ọ́ìlì sí i, rọ́bà á wú, á sì bàjẹ́.

Olùkọ́ Adó:
Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí táyà bá ti wà nílẹ̀, ibo ni sípánà mi á gbà dé ìdí bóòtù? A ò ní kòtò mẹkáníìkì.

Baba Ìkọ̀lé:
Fi irin ìdúró sílẹ̀ níbi tó wà, má tíì dá táyà padà. Gbé jáàkì sábẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì wà ní ìparí áàmù, kó o rọra gbé e sókè títí mọ́tò á fi fẹ́ kúrò lórí irin ìdúró. Ẹrù ti dé orí ẹsẹ̀ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kó o fún bóòtù le. Má ki orí bọ abẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni kó o dúró sí, kó o na sípánà wọlé.

Ọmọ Ìkéré:
Kí ẹ ṣe apá méjèèjì pọ̀ o. Ẹ wá lọ ṣe àláìnmẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà ṣe) kí ẹ tó tún gba ọ̀nà Ìfàkì. Bí wáyà bá ti yọ nínú táyà òsì yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ Adó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Sátidé la máa tú u. Mo máa ra búṣìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, méjì fún áàmù kọ̀ọ̀kan.