Ìwé tí a tẹ̀ ní Àjàṣẹ́ nígbà tí wọ́n ti ibodè pa

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ará. Ìtàn àwọn ọmọdé ni mo ń kọ ní èdè Yorùbá níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Èkó ni mo ti máa ń tẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí pé owó ìtẹ̀wé ibẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn ju ti ilé lọ, ọ̀nà ibodè Ìdírókò sí Ìgọ̀lọ́ ni àwọn páálí ìwé náà sì ń gbà wọlé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Ìwé tuntun tí mo ti san owó rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ibi tí a ti ń retí pé wọn yóò ṣí i ni àrùn Kòrónà ti dé bá wa. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 títí di ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, ìjọba tiwa náà dí ọ̀nà tó wọ Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, àwọn olùkọ́ tó ń bá mi ta ìwé ní ìlú Kétu ti Benin kò sì lè dé ọ̀dọ̀ mi. Kódà, nígbà tí Nàìjíríà ṣí ibodè Sẹ̀mẹ̀ ní ìparí ọdún náà, ó di ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí Ìdírókò. Ìkéde tí mo ń kà lórí rédíò ni mo fi jẹun lákòókò náà, kì í ṣe ìwé.

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ládùúgbò wa ló sọ fún mi pé, “Àbúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, kí ẹ sì kọ ọ́ bí a ti ń kọ́ àwọn èèyàn wa.” Ẹ mọ̀ pé ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ́ni níhìn-ín, kì í ṣe ẹ àti ọ, sh ni wọ́n ń kọ dípò ṣ, kp sì ni wọ́n ń kọ dípò p. Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń kọsẹ̀ lórí ìwé tí mo ń kó wá láti Èkó jókòó ti ìwé kékeré tí onítẹ̀wé kan níbí bá mi tẹ̀ ní àkọtọ́ yìí díẹ̀díẹ̀, bí owó ṣe ń wọlé, wọ́n sì ń kà á sókè fún àwọn ọmọ wọn láìdúró. Inú mi dùn dọ́ba. Ní tèmi o, òǹkọ̀wé tí kò ní ibi ìtẹ̀wé nítòsí àwọn tó ń kàwé rẹ̀ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń ti ibodè.

Títí di òní, àkọtọ́ méjèèjì ni mo fi ń tẹ ìtàn kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó rẹ̀ pọ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà ṣì ń béèrè tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, àkọtọ́ wo ni ẹ fi ń kọ tiyín, níbo ni ẹ sì ti ń tẹ̀ ẹ́?